Agara Dá Nọ́ọ̀sì Ilé Wa

  

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọdún, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ewé. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi obìnrin ni. Ó ti fún mi láyè kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ní kí n má dárúkọ òun, kí n má sì dárúkọ ọsibítù tí òun ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá Ìbejì la máa ń pè é nílé, bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe pè é níbí. Nọ́ọ̀sì ni. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, kì í ṣe ti ọmọ wẹ́wẹ́. Àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń ṣe ló ń tọ́jú, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́wàá tó ti wà lẹ́nu ẹ̀.

Lọ́dún Ifá tó kọjá, ilé wa kún. Gbogbo ọmọ ló wálé. Ìyá Òkè, ìyàwó kejì bàbá mi, jókòó síwájú ìta bó ṣe máa ń jókòó. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa, ìgbàgbé sì ti mú un. Ó bi Ìyá Ìbejì pé, "Ọmọ ta ni ẹ́?" Ó dá a lóhùn. Kò pẹ́, ó tún bi í. Ó tún dá a lóhùn. Nígbà tó bi í lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọ mi dìde, kò sọ nǹkan kan, ó bọ́ síta.

Wọ́n gbé iyán kalẹ̀, wọn ò rí i. Èmi ni mo wá a lọ. Inú mọ́tò ọkọ rẹ̀ ni mo bá a, nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ó yí gbogbo gíláàsì sókè, ó jókòó sẹ́yìn bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé. Mo kan gíláàsì, ó ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo ní, "Ṣé ara ò yá ni?" Ó ní, "Ara yá, Bàbá." Mo dúró, n kò lọ. Ó wá ní, "Bàbá, mi ò kórìíra wọn o. Mi ò kàn mọ ibi tí àánú mi lọ ni."

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń gbọ́ ẹjọ́ ènìyàn lórí ẹní. Ẹni tí owó rẹ̀ sọnù ń wá, ẹni tí ọkọ rẹ̀ sá lọ ń wá. Ẹni tí àánú rẹ̀ sọnù kì í wá, torí ojú á máa tì í. Mo wọ inú mọ́tò, mo jókòó tì í. Iyán tutù síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí bó ṣe sọ ọ́ fún mi, nítorí ọ̀pọ̀ wa rò pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n kàn ń gún. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ òru, nọ́ọ̀sì méjì lè wà lórí ènìyàn tó lé ní ọgbọ̀n. Ẹnì kan ti ń kọrin láti agogo mọ́kànlá, kò sì ní dákẹ́. Ẹnì kan ní májèlé ni wọ́n ń pè ní oògùn fún òun. Ẹnì kan wà tí kò ṣe nǹkan kan, tó kàn kọjú sí ògiri. Ẹni tó dákẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń ṣọ́ jù, torí òun ló lè ṣe ara rẹ̀ ní jàǹbá. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á tún padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà, wọn ò gbé ẹrù kankan, ṣùgbọ́n tó bá di ìdájí, ara wọn á dà bí ara ẹni tó kọ igba ebè.

Ọkùnrin kan ti gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ rí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Ó lo ọjọ́ méjì nílé, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó bi í pé báwo ló ṣe ń sùn. Òun ò tilẹ̀ bínú sí ọkùnrin náà. Ó ní kì í ṣe òun ló gbá òun, àìsàn ni. Nígbà tí ara ọkùnrin yẹn yá, ó wá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, àwọn méjèèjì sì sunkún.

Ohun tó dà á láàmú jù ni ti ọmọbìnrin kan tí wọ́n tọ́jú fún oṣù mẹ́ta. Ara ọmọ náà yá débi pé òun ló ń dirun fún àwọn tó kù lórí wọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ tó ń lọ sílé, wọ́n jó. Kò ju oṣù méjì lọ, wọ́n gbé e padà dé, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí owó oògùn tán, wọ́n sì dá oògùn dúró. Ọmọ mi rí orúkọ rẹ̀ lórí fáìlì, inú bí i. Kì í ṣe sí bàbá tí kò rówó ra oògùn, kì í ṣe sí ìjọba. Sí ọmọbìnrin náà gan-an ni. Ó ní ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ara òun kọ́kọ́ ba òun.

Lórí gbogbo èyí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sí Ìlú Ọba lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò dá wọn lẹ́bi, wọ́n ń wá bí ọmọ wọn á ṣe jẹun. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ kò gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó fi í sílẹ̀ fún ẹni tó kù ni.

Àwa ará ilé sì wá ń fi tiwa kún un. Àwọn kan ń pè é ní "nọ́ọ̀sì wèrè", wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ní ẹni tó bá ń bá wèrè gbé, á ràn án. Irọ́ ni. Àìsàn ọpọlọ kì í ràn bí ìgbóná. Àwọn kan rò pé owó ìjọba wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á máa pè é láàárọ̀, lẹ́yìn tó ti fi gbogbo òru ṣọ́ ènìyàn. Èmi alára wà nínú wọn. Mo ti pè é lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo rí, nítorí owó àgbò.

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò yẹn, ilé bàbá mi ló ń wá sí mi lọ́kàn. Ilé tí wọ́n bí mi sí, ilé tí wọ́n ti ń wo wèrè ni. Láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń gbé wọn wá. Èmi ni mo máa ń gún egbò asofẹ́yẹjẹ, nígbà tí mo ṣì wà nílé ìwé girama. Egbò yẹn ń mú ènìyàn sùn lóòótọ́, ó sì ń wa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ìdí nìyí tí kì í fi í ṣe ohun tí ẹni tí kò mọ òṣùwọ̀n rẹ̀ ń fọwọ́ kàn. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ náà wà nílé wa, n kò ní purọ́. Ohun tí a mọ̀ nígbà náà la ṣe. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 ti gba ipò òfin tó wà láti 1958. Ẹ̀yin tó bá ṣì ní ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ nílé, ẹ lọ jù ú nù.

Bàbá mi ní àṣà kan tí n kò mọ ìdí rẹ̀ nígbà yẹn. Kì í jẹ́ kí ọkùnrin kan dúró ti àwọn aláìsàn ju ọjà kan sí èkejì lọ. Bí ọjà bá ti pé, á pààrọ̀ wa, á ní kí ẹni tó ń ṣọ́ wọn máa lọ sóko. Mo rò pé iṣẹ́ oko ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Nígbà kan, ẹni tó yẹ kó gbà á lọ́wọ́ mi rìnrìn àjò, mo wá ṣe é lé ọjà mẹ́ta. Ọkùnrin kan tí mo fẹ́ràn, tó máa ń pè mí ní ọ̀gá, da ẹ̀kọ nù sílẹ̀. Mo fa orógùn yọ, mo fi lù ú léjìká. Kì í ṣe pé ó ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹ̀kọ ló kàn dà nù.

Bàbá mi kò pariwo mọ́ mi. Ó gba orógùn lọ́wọ́ mi, ó ní kí n máa lọ sóko, kí n má padà wálé àfi tí òun bá ránṣẹ́ sí mi. Ìtàdógún méjì ni mo gbé níbẹ̀. Mo pè é ní ìyà nígbà yẹn. Ó di ìgbà tí mo jókòó ti ọmọ mi nínú mọ́tò kí n tó mọ̀ pé oògùn ló fún mi.

Ṣùgbọ́n pípààrọ̀ yẹn, àwa ọkùnrin nìkan ló wà fún. Ìyá Òkè tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, òun ló ń se oúnjẹ àwọn aláìsàn, òun ló ń fọ aṣọ tí wọ́n bá tọ̀ sí, òun ló ń wẹ àwọn obìnrin inú wọn, láràárọ̀, lálaalẹ́, ọdún gorí ọdún. Kò sẹ́ni tó pààrọ̀ rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kan, ó di ẹrù, ó lọ sílé bàbá rẹ̀, ó lò tó ọdún kan níbẹ̀. Wọ́n ní ó kọ ọkọ. Wọ́n ní ìgbéraga ni. Wọ́n ní orogún ló lé e lọ. Àwa ọmọ gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Kò ṣe èyíkéyìí nínú gbogbo ẹ̀. Agara ló dá a.

Ó yẹ kí n ti mọ gbogbo èyí kí n tó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ fún ọmọ mi. Mo gbé e, Ifá ní ká bọrí rẹ̀. Inú mi dùn, mo ní ọ̀nà ti là. A bọrí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú obì, omi tútù àti ẹja. Ó sùn bí ọmọ tuntun. Ní àwọn ilé tiwa, ẹ mọ̀ pé ẹni tí a bá bọrí rẹ̀ kì í jáde lọ́la ọjọ́ náà. Kì í rìn nínú oòrùn, kì í gbé ẹrù, kì í bá ènìyàn ṣe àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé iṣẹ́ òru ọjọ́ kejì. Ó bi mí pé, "Bàbá, ṣé mo lè lọ?" Mo ní kó lọ. Mo ní ìjọba ò mọ ìborí, Orí á gbọ́ àlàyé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkọ rẹ̀ pè mí. Ìyàwó òun jáde nílé láàárọ̀, ó wa mọ́tò dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù, ó sì kọjá lọ. Wọ́n rí i nítòsí gáréèjì, ó jókòó sínú mọ́tò, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí sítíárìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò gbé e.

Àbúrò mi ọkùnrin kan ti ní èsì lẹ́nu kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ó ní ìyá ọkọ rẹ̀ ni. Ẹ gbọ́ mi o: ìyá ọkọ yìí ló ń tọ́jú Táyé àti Kẹ́hìndé ní gbogbo òru tí ọmọ wa bá wà níbi iṣẹ́. Bí mo bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ àbúrò mi, ẹnì kan ṣoṣo tó ń ràn án lọ́wọ́ ni à bá lé lọ.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Olúwo wa lọ. Ó gbọ́ ọ tán, ó bi mí ní ìbéèrè kan: "Lẹ́yìn tí o bọrí ọmọ yẹn, ọjọ́ mélòó ló fi jókòó sílé?" N kò lè dáhùn. Mo ti yọ ìsinmi kúrò nínú ẹbọ, mo sì ń retí kí ẹbọ dà.

A mú un lọ rí dókítà, níbòmíì tí kì í ṣe ibi iṣẹ́ rẹ̀. Dókítà náà, obìnrin tí kò ju ẹgbẹ́ ọmọ mi lọ, fara balẹ̀ gbọ́ ọ ju bí èmi ti gbọ́ ọ lọ. Ó ní kì í ṣe wèrè, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ní ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ irú agara yìí sínú ìwé ńlá tí wọ́n to orúkọ àìsàn sí. Wọn ò pè é ní àìsàn, ohun tí iṣẹ́ ń ṣe sí ènìyàn ni wọ́n pè é, nígbà tí wàhálà ibi iṣẹ́ bá ń gorí ara wọn tí kò sì sí àbójútó. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n fi ń dá a mọ̀: okun ènìyàn á tán pátápátá, ọkàn rẹ̀ á jìnnà sí iṣẹ́ náà, á máa fojú burúkú wò ó, á sì dà bíi pé kò sí ohun tó ń ṣe tó já mọ́ nǹkan kan. Ọmọ mi wò mí nígbà tí wọ́n ka èkejì. Àánú rẹ̀ tó sọnù nìyẹn, wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé.

Dókítà fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́. Ó ní bí agara bá pẹ́ lára, ó lè fa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, èyí sì ti di àìsàn. Bí ènìyàn yín ò bá lè sùn, tí kò lè jẹun, tí kò sí ohun tó wù ú mọ́, tí èyí sì lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ mú un lọ sí ọsibítù. Bó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, bó tilẹ̀ ń fi ṣeré, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ má sì dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ lè ṣe ìborí lẹ́yìn náà, Orí ò ní bínú.

Èmi àti ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ mátírọ́ọ̀nù wọn. Mo ti mú ìbínú dání láti ilé. Mo ní kí ni wọ́n ń fi ọmọ ènìyàn ṣe? Obìnrin náà jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Bàbá, bí mo bá fún un ní ìsinmi, ta ló máa ṣe é? Ọdún kẹta rèé tí èmi náà ò tíì lọ líìfù." Ojú rẹ̀ ti wọlé sínú. Ìbínú mi bọ́ sílẹ̀. Wọ́n fún ọmọ mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tó padà, wọ́n kúrò ní gbígbé e sí iṣẹ́ òru fúngbà díẹ̀, wọ́n ní kó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń wá gba oògùn láti ilé. Kí n tó kúrò, mo wúre fún mátírọ́ọ̀nù náà. N kò mọ̀ bóyá ẹnì kan ti bá a pààrọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ronú nípa ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo ṣe ní Arò, ní Abẹ́òkúta. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, 1923 ni wọ́n bí i. Nígbà tó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn dé láti òkè òkun, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò ní 1954, ó fi ọ̀pọ̀ aláìsàn sí ilé àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká. Ẹbí kan, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá: òun á máa se oúnjẹ, òun á máa fọṣọ, òun á máa mú un lọ gba ìtọ́jú, wọ́n á jọ padà sábúlé lálẹ́. Ó bá àwọn oníṣègùn ilẹ̀ wa ṣiṣẹ́, kò lé wọn. Wọ́n wá yàn án ní igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé, 2004 ló sì papò dà. Àwọn tó kọ̀wé nípa rẹ̀ yìn ín nítorí aláìsàn. Èmi ń yìn ín nítorí nọ́ọ̀sì. Nígbà tí ẹbí bá wà níbẹ̀, tí ará abúlé wà níbẹ̀, ọwọ́ tó wà lábẹ́ ẹrù pọ̀. Lónìí, Ìyá Ìbejì ní àwọn kan á gbé ènìyàn wọn wá, wọ́n á fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀, tó bá yá nọ́ńbà ò ní lọ mọ́. Ènìyàn tí ẹbí jù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, orí nọ́ọ̀sì ló ń bọ́ sí.

Nítorí náà, bí ìdílé yín bá ní aláìsàn ní irú ibẹ̀, ẹ máa lọ wò ó. Ẹ gbé oúnjẹ lọ, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tí ẹ bá bá níbẹ̀, ẹ bi í pé ṣé ó ti jẹun. Bó bá sì jẹ́ nọ́ọ̀sì lọmọ yín, ìyàwó yín tàbí ọkọ yín, ẹ jẹ́ kó sùn. Nílé wa, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe Ìyá Ìbejì kí oòrùn tó yẹ̀ àtàrí bó bá ṣe iṣẹ́ òru, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ náà le tó, àfi tó bá jẹ́ ti ẹ̀mí. Bó bá dé láti ibi iṣẹ́ tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ má pè é ní agbéraga. A ti pe ẹnì kan bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi awo, bí irú wọn bá wá sórí ẹní yín, kí ẹ tó na ọwọ́ sí ọ̀pẹ̀lẹ̀, ẹ bi wọ́n pé òru mélòó ni wọ́n ti sùn mọ́jú nínú oṣù yìí. Ẹ má tètè pe orúkọ ayé. Ohun tí Ifá bá sì ní kí ẹ ṣe, ẹ má yọ ìsinmi kúrò nínú rẹ̀ torí ọ̀gá ibi iṣẹ́. Èmi náà ti ń ti ilẹ̀kùn mi lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀ báyìí. Àwọn kan ń bínú. Wọ́n á padà wá lọ́jọ́ kejì.

N kò ní sọ pé gbogbo rẹ̀ ti dára. Ó ṣì ń ronú bóyá kí òun náà máa lọ sí Ìlú Ọba. Ó ti bá ẹnì kan tí wọ́n jọ kàwé sọ̀rọ̀, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà lọ́hùn-ún, ẹni yẹn ní owó dára, ṣùgbọ́n agara wà níbẹ̀ náà. N kò tíì sọ pé kó lọ, n kò sì sọ pé kó má lọ.

Ó wálé lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Ó jókòó ti Ìyá Òkè níwájú ìta, ó ń bá a gé èékánná. Ìyá Òkè bi í pé, "Ọmọ ta ni ẹ́?" Ó dá a lóhùn. Ó tún bi í, ó tún dá a lóhùn. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó rẹ́rìn-ín, ó pe Táyé, ó ní, "Wá bá mi dá ìyá lóhùn," ó dìde, ó wọlé lọ sùn.